Bọ́fà fún serial port tó ń fa ẹsẹ̀: bí a ṣe lè gba kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́wọ́ príńtà

#1 · Atẹ̀wé_XT

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. IBM XT ni ẹ̀rọ yìí: 8088, 4.77 MHz, mẹ́mọ́rì 640K, PC-DOS 3.30. Príńtà onípin 9 tí kò gba ohun mìíràn ju serial lọ ló wà lára COM1, 9600, 8N1. MODE LPT1:=COM1: ni mo fi darí iṣẹ́ sí i.

Bí ètò ìkọ̀wé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, kò ní dá èèyàn lóhùn mọ́ títí ojú ìwé yóò fi jáde tán. Mo fẹ́ kọ ètò kékeré tí yóò máa jókòó sínú mẹ́mọ́rì, tí yóò gba lẹ́tà wàràwàrà, tí yóò sì máa bù ú fún príńtà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí èmi ń ṣe nǹkan mìíràn. Mo gbọ́ assembly. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, báwo sì ni bọ́fà náà, ìyẹn àyè mẹ́mọ́rì tí lẹ́tà ti ń dúró, ṣe yẹ kó tóbi tó?

---

#2 · Bàbá_8250

Ìṣirò ni ká kọ́kọ́ ṣe. Ní 8N1, bíìtì 10 ni lẹ́tà kan ń gbà lórí wáyà: ọ̀kan ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ lẹ́tà, ọ̀kan ìparí. Nítorí náà 9600 jẹ́ lẹ́tà 960 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ojú ìwé tó kún dẹ́nu, ìlà 66, lẹ́tà 80 àti CR pẹ̀lú LF ní ìlà kọ̀ọ̀kan, jẹ́ báìtì 5,412. Wáyà yóò gbé gbogbo rẹ̀ kọjá ní sẹ́kọ́ǹdì 5.6. Príńtà tó ń tẹ lẹ́tà 120 ní sẹ́kọ́ǹdì kan yóò lo sẹ́kọ́ǹdì 45 lórí ojú ìwé kan náà. Ṣé o ti rí i? Orí príńtà ló ń fa ẹsẹ̀, kì í ṣe wáyà. Bí o bá gbé baud, ìyẹn ìyára wáyà, sí 19200, ẹsẹ̀ á ṣì máa wọ́.

Ìdí tí ètò fi ń dúró sì nìyí. INT 14h, AH=01, iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ serial tó wà nínú ROM BIOS, á gbé DTR àti RTS, àmì PC, sókè, á dúró de DSR, á dúró de CTS, àmì príńtà, á tún dúró de bíìtì 5 nínú LSR (ibi tí ṣíìpù serial ti ń sọ ipò rẹ̀) ní 3FDh, kó tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo sí 3F8h. CPU gan-an ló ń fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ gbogbo èyí, bí ẹni tó dúró ti ìkòkò tí kò tíì hó. Láàárín lẹ́tà kan sí èkejì ní 9600, 8088 rẹ ní ìró aago bíi 4,970 lọ́wọ́. Orí «ṣé o ti ṣófo? ṣé o ti ṣófo?» ló ń ná gbogbo rẹ̀ sí.

Ti ìwọ̀n bọ́fà: 4096 kò gba ojú ìwé kan tó kún. 16384 gba mẹ́ta, 32768 gba mẹ́fà. Ojú ìwé lẹ́tà gidi kì í kún tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà 16384 á ti tó ọ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

---

#3 · Wáyà25

Kó o tó fi ọwọ́ kan assembly, ó wà nínú DOS:

```
PRINT /D:COM1 /B:4096 /Q:10
PRINT LETA.TXT
```

PRINT á máa ka fáìlì náà láti orí díìsìkì, á máa fún príńtà nígbà tí DOS bá ráyè, pẹ̀lú aago tó ń lù ní ìgbà 18.2 ní sẹ́kọ́ǹdì. /B, /Q àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá pè é nìkan ló ń gbọ́ wọn. Bí o bá fẹ́ yí wọn, o ní láti tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àléébù rẹ̀: fáìlì nìkan ló mọ̀, nítorí náà ètò ìkọ̀wé rẹ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ sínú fáìlì. Ó tún ń sọ tab di àyè òfo, ó ń dúró bó bá kan 1Ah, ó sì ń ti bébà jáde lẹ́yìn fáìlì kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀rọ̀ lásán, kò sí wàhálà. Àwòrán ńkọ́? Á bàjẹ́.

---

#4 · Àdùkẹ́_asm

PRINT dára, ṣùgbọ́n ohun tó ń béèrè kọ́ nìyẹn. Bọ́fà tí ìdílọ́wọ́ (interrupt) ń tú ló fẹ́.

8250, ṣíìpù serial náà, lè pe CPU fúnra rẹ̀ nígbà tí àyè ìfiránṣẹ́ rẹ̀ bá ṣófo. Bíìtì 1 nínú IER, 3F9h, ló ń tan ìpè náà. COM1 wà lórí IRQ4, okùn ìdílọ́wọ́ rẹ̀, IRQ4 sì ń bọ́ sí INT 0Ch. Ètò tó ń tẹ̀wé á máa da lẹ́tà sí *orí* bọ́fà, ISR, ìyẹn ètò tó ń dáhùn ìdílọ́wọ́, á máa bù láti *ìrù*. Bí orí àti ìrù bá dọ́gba, ó ṣófo. Bó bá ku ìgbésẹ̀ kan kí orí bá ìrù, ó kún. Àyè báìtì kan yóò ṣòfò, má jẹ́ kó dùn ọ́. Jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4096, 8192 tàbí 16384, kí AND kan ṣoṣo lè dá a padà sí òdo.

```
idilowo:
    push ax
    push bx
    push dx
    push ds
    push cs
    pop  ds
tun_wo:
    mov  dx,3FAh   ; IIR: ta ló pè wá?
    in   al,dx
    test al,1
    jnz  o_tan   ; kò sẹ́ni tó kù
    and  al,6
    cmp  al,2
    je   firanse
    cmp  al,0
    je   modemu
    cmp  al,4
    je   gba
    mov  dx,3FDh   ; àṣìṣe orí wáyà: kà á, kó kúrò
    in   al,dx
    jmp  tun_wo
gba:
    mov  dx,3F8h
    in   al,dx
    jmp  tun_wo
modemu:
    mov  dx,3FEh
    in   al,dx
    test al,10h   ; CTS ti gòkè?
    jz   tun_wo
    mov  al,0Bh   ; tan ìpè ìfiránṣẹ́ padà
    mov  dx,3F9h
    out  dx,al
    jmp  tun_wo
firanse:
    mov  dx,3FEh
    in   al,dx
    test al,10h   ; ṣé príńtà ní ká máa bọ̀?
    jz   pa_a
    mov  bx,[iru]
    cmp  bx,[ori]
    je   pa_a   ; bọ́fà ṣófo
    mov  al,[aka+bx]
    inc  bx
    and  bx,3FFFh
    mov  [iru],bx
    mov  dx,3F8h
    out  dx,al
    jmp  tun_wo
pa_a:
    mov  al,09h   ; pa ìpè ìfiránṣẹ́, fi àwọn yòókù sílẹ̀
    mov  dx,3F9h
    out  dx,al
    jmp  tun_wo
o_tan:
    mov  al,20h
    out  20h,al
    pop  ds
    pop  dx
    pop  bx
    pop  ax
    iret
```

Ẹni tó ń da lẹ́tà sínú bọ́fà á kọ́kọ́ fi lẹ́tà sí [aka+bx], á sún [ori] síwájú, lẹ́yìn náà á kọ 0Bh sí 3F9h. Kò ní láti ṣe CLI (pípa ìdílọ́wọ́): òun nìkan ló ń yí orí padà, ISR nìkan ló ń yí ìrù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti wà nínú bọ́fà kí orí tó sún. Bó o bá sún orí ṣáájú, ìdílọ́wọ́ lè já sí àárín méjèèjì, kí ISR sì rán pàǹtírí jáde.

Ìtò ìbẹ̀rẹ̀: 80h sí 3FBh; 0Ch sí 3F8h àti 0 sí 3F9h, ìyẹn 12, nítorí 115200 ÷ 12 jẹ́ 9600; 03h sí 3FBh; ka 3FDh, 3F8h, 3FAh àti 3FEh lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ohun àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kúrò; AX=250Ch, INT 21h; 0Bh sí 3FCh; IN láti 21h, AND 0EFh, OUT padà; 09h sí 3F9h ló kẹ́yìn. AX=3100h láti jókòó sínú mẹ́mọ́rì. Kó o tó jókòó, dá àyè environment tó wà ní PSP:2Ch padà pẹ̀lú AH=49h; kò ní wúlò fún ọ mọ́.

---

#5 · Bàbá_8250

Àdùkẹ́, o ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n tẹ́nu mọ́ ibi méjì, torí èèyàn á wò wọ́n bíi pé kò ṣe pàtàkì.

Àkọ́kọ́, 0Bh tó lọ sí 3FCh. 03h ni DTR àti RTS. 08h tó kù ni OUT2, OUT2 sì ni ilẹ̀kùn tó wà láàárín ṣíìpù náà àti IRQ4 lórí káàdì PC. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tì, 8250 á máa pariwo, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ìkejì, `jmp tun_wo` yẹn. Ní bọ́ọ̀sì ISA, 8259, ṣíìpù tó ń kó ìdílọ́wọ́ wá fún CPU, kì í wo bóyá okùn ìdílọ́wọ́ ga. Ìgbà tó *ń gòkè* nìkan ló ń rí. Bí ìpè méjì bá dé pọ̀ tí o dáhùn ọ̀kan, okùn á ṣì ga fún èkejì, kò ní gòkè mọ́ torí kò sọ̀kalẹ̀ rárá. O bá fi EOI (àmì ìparí, 20h sí 20h) padà lọ, ó parí: COM1 ti kú títí o fi tún un ṣètò. Ìyẹn ló fà á tí a fi ń ka IIR títí bíìtì 0 á fi di 1.

---

#6 · Atẹ̀wé_XT

Ẹ ṣeun gan-an. Mo so ó mọ́ INT 14h, kí MODE lè máa darí LPT1 wá bá mi. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe é.

1. Ojú ìwé kìíní ń jáde dáadáa. Bó bá tán, tí mo tún tẹ òmíràn, príńtà dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́tà wà nínú bọ́fà, mo fi DEBUG wò ó, orí ti lọ, ìrù dúró.
2. Bí iṣẹ́ bá ju 16384 lọ, ẹ̀rọ gan pa. Ctrl-Alt-Del pàápàá kò gbọ́.
3. Bí mo bá ṣe MODE COM1:9600,N,8,1,P lẹ́yìn tí TSR (ètò inú mẹ́mọ́rì yìí) ti jókòó, kò sí ohun tó ń jáde mọ́.

Mo yọ `pa_a` kúrò láti dín kóòdù kù. Bí bọ́fà bá ṣófo, mo kàn ń padà sí `tun_wo`. Mo sì ń kọ 0Bh sí IER lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ bọ́fà.

---

#7 · Àdùkẹ́_asm

Ibi tó o ti fi ọ̀bẹ gé e náà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti 1. Ìpè «mo ti ṣófo» kì í dúró bí iná tó ń jó. Ohun méjì ló ń pa á: kí a kọ lẹ́tà sí 3F8h, tàbí kí a *ka IIR* nígbà tó jẹ́ pé òun ni IIR ń sọ. Ìgbà tí lẹ́tà ìkẹyìn jáde, ṣíìpù pè ọ́, o ka IIR, o rí 2, o wo bọ́fà, kò sí nǹkan, o lọ. Kíkà yẹn ti pa ìpè náà. Àyè ìfiránṣẹ́ ṣì ṣófo, ṣùgbọ́n ó ti sọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ ọ́ mọ́. Lẹ́tà tó bá wọ bọ́fà lẹ́yìn ìyẹn ń retí ìpè tí kò ní wá.

Bíìtì 1 nínú IER ló ń tú u. Bó bá ti 0 di 1 nígbà tí àyè ṣófo, ṣíìpù á pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí `pa_a` fi ń sọ ọ́ di 0, tí ẹni tó ń da lẹ́tà fi ń sọ ọ́ di 1 lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ewu nínú kíkọ 0Bh léraléra.

Àwọn ṣíìpù kan tó ṣe àfarawé 8250 kì í pè bí a bá yí bíìtì yìí. Nínú dráífà Linux, orúkọ tí wọ́n fún àléébù yẹn ni UART_BUG_TXEN. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ, ṣe é báyìí: CLI, ka 3FDh, bí bíìtì 5 bá wà, tí CTS sì ga, bu lẹ́tà kan láti ìrù, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí 3F8h, STI. Lẹ́tà yẹn ló máa jí ìpè tó kàn.

Ti 2. Àṣẹ INT ń pa ìdílọ́wọ́ kó tó gbé ọ dé inú ètò rẹ. Bí bọ́fà bá kún, tí o ń yí po láti dúró de àyè láìṣe STI (títan ìdílọ́wọ́ padà), ISR tó yẹ kó tú bọ́fà kò lè wọlé. Ìwọ ń dúró dè é, òun ń dúró dè ọ́. Kíbọ́ọ̀dù náà ìdílọ́wọ́ ló ń lò, ìdí nìyẹn tí Ctrl-Alt-Del fi kú. Fi STI ṣe àṣẹ àkọ́kọ́ pátápátá nínú INT 14h rẹ.

Ti 3, ẹ̀yin Bàbá ni kí ẹ sọ ọ́.

---

#8 · Bàbá_8250

MODE COM1: ń pe INT 14h, AH=00. O ń jẹ́ kó kọjá lọ bá BIOS, àbí? BIOS á ṣètò baud fún ọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fi 0 sí IER kó tó lọ. Bí o bá fẹ́ kó kọjá, pè é bí CALL, ìyẹn PUSHF kí CALL FAR tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tún 0Bh kọ sí 3FCh àti 0Bh sí 3F9h.

AH=01 àti AH=02 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú BIOS IBM, AH=01 ń kọ 03h sí MCR, ìyẹn 3FCh, AH=02 ń kọ 01h. Méjèèjì ń ti ilẹ̀kùn OUT2 tí mo sọ lókè. Nítorí náà, bí DX bá jẹ́ 0, má jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn dé BIOS láéláé. Ìdáhùn tìrẹ: fún AH=01, AH=60h, AL kó má yí padà; fún AH=03, AH=60h àti AL=30h, kí ẹni tó béèrè lè rò pé DSR àti CTS wà níbẹ̀. DX tó bá jẹ́ 1 sókè, JMP lọ bá ti àtijọ́.

---

#9 · Wáyà25

Ẹ ń sọ CTS, CTS, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè wáyà. Ọ̀pọ̀ príńtà serial ló ń fi DTR tiwọn, pin 20, sọ pé «mo ti yó», kì í ṣe RTS. Àwọn kan ń lo pin 11. Wo ìwé príńtà rẹ. Fún ti pin 20, DB-25 sí DB-25:

```
PC 2   →  príńtà 3
PC 3   ←  príńtà 2
PC 7   —  príńtà 7
PC 5 àti 6, so pọ̀  ←  príńtà 20
PC 20  →  príńtà 5, 6 àti 8, so pọ̀
```

5 àti 6 gbọ́dọ̀ so pọ̀ ní apá PC bí o bá tún fẹ́ kí BIOS lásán lè tẹ̀wé, torí méjèèjì ló ń dúró dè. Bó bá jẹ́ ihò 9 ló wà lẹ́yìn PC: TXD ni 3, RXD ni 2, ilẹ̀ ni 5, CTS ni 8, DSR ni 6, DTR ni 4.

Dán an wò pẹ̀lú mítà kó o tó dá kóòdù lẹ́bi. Fi okùn dúdú sí 7, pupa sí 5. Príńtà tó wà ní ONLINE á fi fóltì tó ju +3 lọ hàn ọ́. Tẹ bọ́tìnnì kó lọ sí OFFLINE: ó gbọ́dọ̀ ré sí ìsàlẹ̀ −3. Bí kò bá yí, ISR yín á máa da lẹ́tà sí príńtà tí kò lè jẹ mọ́, ojú ìwé kejì á sì máa fo ìlà.

---

#10 · Tíkì18

Ẹ jẹ́ kí n tako yín díẹ̀. Ta ló sọ pé IRQ4 pọndandan? Bó bá jẹ́ pé príńtà tó ń tẹ 120 ni, aago ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó o. Fi 4096 sí ìkànnì 0 ti 8253, ṣíìpù aago, dípò 65536: 34h sí 43h, 00h sí 40h, 10h sí 40h. INT 08h á wá máa lù ní ìgbà 291 ní sẹ́kọ́ǹdì. Ní ìlù kọ̀ọ̀kan, wo bíìtì 5 LSR àti CTS, bí méjèèjì bá gbà, rán lẹ́tà kan. Lẹ́tà 291 ju 120 lọ dáadáa. Ní gbogbo ìlù kẹrìndínlógún, pe INT 08h àtijọ́ kí aago DOS má bàa sáré. Ní ìlù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, ìwọ fúnra rẹ fi 20h sí 20h.

Kò sí OUT2, kò sí ìpè tó ń sọnù, kò sí IIR. Bí COM3 bá sì ń bá COM1 pín IRQ4, kò kàn ọ́.

---

#11 · Àdùkẹ́_asm

Òótọ́ ni, ọ̀nà yẹn le bí òkúta, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ṣíìpù rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ohun tó ń náni ni pé ìlù 291 ń bọ̀ bóyá lẹ́tà wà bóyá kò sí, àti pé ètò tó bá tún 8253 ṣe fúnra rẹ̀, eré ìdárayá pàápàá, á da gbogbo rẹ̀ rú. Ìdílọ́wọ́ ìfiránṣẹ́ kì í náni ní kọ́bọ̀ nígbà tí bọ́fà bá ṣófo. Bí ISR náà tilẹ̀ gba ìró aago 400 fún lẹ́tà kan, ìdá kan nínú méjìlá ni láàárín 4,970 tí Bàbá sọ.

---

#12 · Ọmọ_Modẹ́mù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́. 386 ni tèmi, 16550A ló wà nínú rẹ̀, mo tan FIFO (bọ́fà kékeré inú ṣíìpù), mo ń rán lẹ́tà 16 lẹ́ẹ̀kan. Ó yára, ṣùgbọ́n bí príńtà bá kún, lẹ́tà bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pòórá ní àárín ìlà. Nígbà tí mo pa FIFO, ó dáa. Ṣé ṣíìpù ló bàjẹ́?

---

#13 · Bàbá_8250

Ṣíìpù kò bàjẹ́. O wo CTS *kó o tó* da 16 sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, príńtà sọ CTS kalẹ̀, ISR rẹ gbọ́, ṣùgbọ́n 16550A fúnra rẹ̀ kì í wo CTS. Ohun tó ti wà nínú FIFO, títí dé 16, àti ọ̀kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á jáde gbẹ̀yìn. Báìtì 17. Bí àyè tí príńtà rẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó ti sọ pé òun yó kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ń dà wọ́n nù. Àwọn ṣíìpù ẹ̀yìn rẹ̀ bíi 16650 àti 16750 lè dáwọ́ dúró fúnra wọn. 16550A kò lè.

Ojútùú kò le: jẹ́ kí FIFO wà, ṣùgbọ́n má da ju 4 tàbí 8 lọ ní ìpè kọ̀ọ̀kan. Ní 9600, 4 ti dín ìdílọ́wọ́ kù láti 960 sí 240 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Bí príńtà bá ń lo XON (11h, «máa bọ̀») àti XOFF (13h, «dúró»), ìṣòro kan náà ni, ó tilẹ̀ tún le díẹ̀ sí i, torí 13h fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ rin wáyà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní `gba`, AND lẹ́tà tó wọlé pẹ̀lú 7Fh kó o tó fi wé 13h tàbí 11h.

Atẹ̀wé, bí o bá fẹ́ 16550A nínú XT rẹ: bí 8250 tàbí 16450 orí káàdì bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 40, ẹsẹ̀ wọn bára mu, yọ ọ̀kan, fi èkejì. Kọ 07h sí 3FAh, kí o sì ka 3FAh padà. Bí bíìtì 7 àti 6 bá jẹ́ 1 méjèèjì, 16550A ni. Bó bá jẹ́ 7 nìkan, 16550 àkọ́kọ́ ni, FIFO rẹ̀ ní àléébù, fi 0 pa á. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0, kò sí FIFO níbẹ̀. Àmọ́ ní 9600 lórí príńtà 120, kò pọndandan. 8250 rẹ ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà bó ṣe wà yẹn.

---

#14 · Atẹ̀wé_XT

Ẹ kú làálàá. `pa_a` ti padà, STI ti wà lókè pátápátá, AH=00 sì ń tún MCR àti IER kọ. Mítà fi hàn pé pin 20 ni príńtà yìí ń lò: +9 ní ONLINE, −9 ní OFFLINE. Ojú ìwé mẹ́ta wọ bọ́fà, ètò ìkọ̀wé dá mi lóhùn lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdì díẹ̀, príńtà ń tẹ̀ lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Mo fẹ́ àṣẹ tó máa yọ TSR náà kúrò. Mo dá vector (àdírẹ́sì ìdílọ́wọ́) 0Ch àti 14h padà, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ṣì wà nínú bọ́fà, ìlà ìkẹyìn ń gé. Bí mo bá sì dúró títí orí àti ìrù á fi dọ́gba, lẹ́tà kan tàbí méjì ṣì ń gé.

---

#15 · Àdùkẹ́_asm

Orí tó dọ́gba pẹ̀lú ìrù ń sọ pé bọ́fà *rẹ* ṣófo. Lẹ́tà kan lè wà ní 3F8h, òmíràn sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń jáde ní bíìtì kọ̀ọ̀kan. Dúró de orí àti ìrù, lẹ́yìn náà ka 3FDh títí bíìtì 6 á fi di 1, ìyẹn 40h. Bíìtì 5 kò tó. Ó ń gòkè nígbà tí lẹ́tà ìkẹyìn ṣì wà lórí wáyà. Lẹ́yìn 40h ni kí o wá kọ 0 sí 3F9h, kí o ti IRQ4 ní 21h pẹ̀lú OR 10h, kí o dá vector padà, DTR ló kẹ́yìn.

Kó o tó dá vector padà, fi AH=35h wò ó bóyá tìrẹ ló ṣì wà níbẹ̀. Bí TSR mìíràn bá ti gun orí rẹ, tí o fa tìrẹ yọ, ẹ̀rọ á fò sínú mẹ́mọ́rì tó ti di ti ẹlòmíràn. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, sọ pé o kò lè yọ, kí o sì dúró síbi tó o wà.

Fi àṣẹ kejì kún un tó máa da bọ́fà nù: CLI, [iru] di [ori], STI. Wàá nílò rẹ̀ ní ọjọ́ tí bébà bá há, tí ojú ìwé márùn-ún sì ń tẹ̀ lé e bọ̀.

---

#16 · Wáyà25

Àti ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. RAM ni bọ́fà yín, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ìkọ̀wé ti sọ pé òun ti tẹ̀ ẹ́ tán. Má pa ẹ̀rọ kí príńtà tó dákẹ́.

---

#17 · Atẹ̀wé_XT

Ó ti gbà. 40h ló tán an. Fáìlì àwòrán kan ṣì ń dúró ní ìdajì bí mo bá ṣe COPY AWORAN.PRN COM1. Ṣé bọ́fà ni?

---

#18 · Bàbá_8250

Rárá, COPY ni. Ó kan 1Ah nínú àwòrán, ó rò pé fáìlì ti parí. COPY /B AWORAN.PRN COM1. Kí o sì rí i pé 8 ni bíìtì lẹ́tà ní apá méjèèjì. Bí príńtà bá wà ní 7, ọ̀rọ̀ á jáde dáadáa, àwòrán á di ìdọ̀tí.